Àdùnní, gbọ́ ti ilẹ̀ yìí kí o tó fowó ránṣẹ́

Ìkòròdú,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Àdùnní mi ọ̀wọ́n,

Kú òtútù, kú iṣẹ́ alẹ́ o. Ara Màmá le, wọ́n sì ní kí n máa kí ọ.

Mo rí ìpolówó ilẹ̀ Ìbẹ̀jù-Lẹ́kí tí o fi ránṣẹ́. Wọ́n ní kò jìnnà sí ilé ìfọpo Dangote, wọ́n ní owó rẹ̀ máa di ìlọ́po mẹ́ta. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kékeré kan wà nísàlẹ̀ ìwé náà: “excision in process”. Torí ẹ̀ ni mo ṣe jókòó kọ lẹ́tà yìí.

Láti 1978 tí òfin Land Use Act ti jáde ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ ti wà níkàáwọ́ gómìnà. Láti Lẹ́kí títí dé Ẹ̀pẹ́, ìjọba Èkó ti gbẹ́sẹ̀ lé ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tipẹ́. Bí wọ́n bá wá yọ apá kan padà fún abúlé tó ni ín, ìyẹn ni excision, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ sínú gásẹ́ẹ̀tì, ìwé ìkéde ìjọba. “In process” ni pé abúlé ti tọrọ, ìjọba kò tíì dáhùn. Ó lè má dáhùn láéláé. Ó sì lè yọ díẹ̀ nínú ohun tí wọ́n tọrọ, kí plọ́ọ̀tì tìrẹ bọ́ síta. Èyí tí ìjọba bá ti yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ pàtó, tí wọ́n ń pè ní committed, má tilẹ̀ sún mọ́ ọn.

Ibì kan wà nínú òfin yẹn tó máa ń dùn mí. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ tí èèyàn kò tíì kọ́ nǹkan kan sí, owó ilẹ̀ tí onítọ̀hún san fún ìjọba lọ́dún yẹn nìkan ni wọ́n máa dá padà fún un. Ilé àti irè oko ni wọ́n ń san owó gbà-máà-bínú fún. Iye tí o fi ra ilẹ̀ kò sí nínú ìṣirò wọn rárá!

Nítorí náà, sọ́fè, ìwé tí àwọn awọnlẹ̀ fi ń ya ààlà ilẹ̀, ni kí o kọ́kọ́ béèrè. Awọnlẹ̀ tí kì í ṣe tiwọn ni kó gbé e lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ní Alausa, kí wọ́n wo ibi tí ilẹ̀ náà bọ́ sí lórí máàpù ìjọba. Kó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ilẹ̀ náà, torí àwọn kan máa ń fi sọ́fè ilẹ̀ tó dára ta ilẹ̀ mìíràn. Lẹ́yìn náà ni lọ́yà rẹ yóò lọ wo àkọsílẹ̀ ní Land Registry, bóyá wọ́n ti fi yáwó ní báǹkì. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí, olórí ẹbí àti àwọn àgbà tó ń ṣojú ojúlé kọ̀ọ̀kan ni kó fọwọ́ sí i. Ọmọ onílẹ̀ kan ò lè dá a tà. Rìsíìtì ẹbí nìkan kò tó, deed of assignment, ìwé tó fi hàn pé wọ́n ti gbé ilẹ̀ náà lé ọ lọ́wọ́, ni kí lọ́yà kọ.

Ilẹ̀ tó ti ní C of O, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí gómìnà fọwọ́ sí, sàn gan-an, àmọ́ orúkọ ẹni tó tà á ló wà lórí ẹ̀. Kó tó di tìrẹ lójú òfin, o gbọ́dọ̀ gba Governor's Consent, ìyẹn ìyọ̀ǹda gómìnà. Nínú ẹjọ́ Savannah Bank ní 1989, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fi hàn bí ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda gómìnà ṣe lágbára tó.

Ó wá ku èrè. Èmi kò sọ pé ìhà ibẹ̀ kò ní gbèrú. Ilé ìfọpo wà níbẹ̀, èbúté tuntun sì ti ṣí ní 2023. Ṣùgbọ́n ìwọ fúnra rẹ lo sọ pé o fẹ́ owó tí Màmá á máa rí ná. Ilẹ̀ ṣófo kì í san rẹ́ǹtì. Fún ohun tí ò ń wá, fúláàtì méjì níbi táwọn èèyàn ti ń gbé, bíi Ìkòròdú níbí tàbí Ìbàdàn, ni mo fara mọ́. Ká ní ilẹ̀ àti ilé jẹ́ mílíọ̀nù 40 náírà, tí rẹ́ǹtì méjèèjì jẹ́ mílíọ̀nù 2.4 lọ́dún: náírà 6 lórí 100 nìyẹn. Yọ owó àtúnṣe, ti alábòójútó, àti oṣù tí kò ní sí ayálégbé. Èlé treasury bill, owó tí èèyàn yá ìjọba, lè ju ohun tó kù lọ, mo mọ̀, ṣùgbọ́n bí náírà bá ń já wálẹ̀, owó ilé máa ń gòkè. Má sì jẹ́ kí ejẹ́ǹtì bá ọ ṣírò rẹ́ǹtì ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan. Òfin ayálégbé Èkó ti 2011 kò gba ju ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Bí wàhálà ilé kíkọ́ bá pọ̀ jù fún ọ, UPDC REIT, àpò ìdókòwò tó ń fi owó ọ̀pọ̀ èèyàn ra ilé, wà ní ọjà ìpín ìdókòwò, wọ́n sì ń pín owó tó bá wọlé lórí ilé fáwọn tó ra ìpín.

Bí ẹnikẹ́ni bá máa dúró fún ọ, kí power of attorney, ìwé tó fún un láṣẹ láti ṣojú rẹ, dárúkọ ilẹ̀ kan yẹn péré. Kí gbogbo rìsíìtì jẹ́ orúkọ rẹ.

Ní báyìí, ní kí wọ́n fi sọ́fè náà ránṣẹ́. Bí wọ́n bá ní àfi tí o bá sanwó tán, fi wọ́n sílẹ̀. Bí wọ́n bá fi í ránṣẹ́, taari ẹ̀ sí mi kíá. Awọnlẹ̀ kan wà ládùúgbò wa tí mo fọkàn tán, èmi àti ẹ̀ á jọ lọ sí Alausa.

Bá mi kí ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àbẹ̀kẹ́