Àtùpà idẹ tí ẹ gbà lọ tún ṣe: owó mi ni mo fẹ́ gbà

Sí Ọ̀gá Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ o, bí iṣẹ́ bá wà tí ẹ ń ṣe. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ àwọn lẹ́tà tó ṣáájú, ẹ̀rọ yín ló sì ń dá mi lóhùn pé ẹ ṣeun tí ẹ kàn sí wa. Mo gbọ́ pé ọmọ káàárọ̀-oòjíire ni yín, ẹ jẹ́ kí n fi Yorùbá sọ ọ́, bóyá èyí á dé etí yín.

Nọ́ńbà ẹ̀sùn mi wà lọ́wọ́ yín, mi ò ní ro ẹjọ́ náà látìbẹ̀rẹ̀ mọ́. Gbogbo ẹni tó gbé fóònù lọ́dọ̀ yín ló ti ní kí n rò ó látìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tó jù mí sọ́wọ́ ẹlòmíì. Àwọn tó ń tajà ní ọ̀rọ̀ àtúnṣe ni. Àwọn alátùn-únṣe ní kí n bi àwọn tó ń gbé ẹrù. Àwọn yẹn ní kí n padà sọ́dọ̀ àwọn tó ń tajà. Orin tí fóònù yín máa ń kọ fún ẹni tó ń dúró, mo ti mọ̀ ọ́n jó báyìí.

Ọmọkùnrin tó gbé fóònù lọ́jọ́ Jímọ̀ tó kọjá ló jẹ́ kí n jókòó kọ ìwé yìí. Ó gbọ́ orúkọ mi, ó bọ́ sí Yorùbá, inú mi tiẹ̀ dùn. Àṣé ó fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín ni. Mo ní wáyà àtùpà náà ṣì ń ta iná pàrà bí mo bá ti tàn án, ó rẹ́rìn-ín, ó ní: "Mọ́mì, àtùpà yìí dàgbà ju bàbá mi lọ, kí lẹ tún ń wá lára ẹ̀?" Kí n tó lanu, ó ti gé fóònù. Ọmọ tí mo bí ju ẹni yẹn lọ!

Ṣebí ogbó yẹn gan-an lẹ tà fún mi? Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ àwòrán rẹ̀ pé iṣẹ́ Hans-Agne Jakobsson, oníṣẹ́ àtùpà nì, ni, láti Markaryd ní Sweden, pé idẹ rẹ̀ ṣì wà bó ṣe wà. Torí ogbó lẹ ṣe bu owó gọbọi lé e. Ó wá di àtúnṣe, ogbó di ẹ̀bi mi.

Ẹ sì ṣèlérí. Ọ̀gá àwọn alátùn-únṣe yín kọ ọ́ sínú ímeèlì pé wáyà àti ilé gílóòbù nìkan ni wọ́n máa pààrọ̀, pé ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kan idẹ. Kí lẹ dá padà? Wáyà àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Idẹ ni wọ́n ha, tí wọ́n fi oògùn dán, tó ń kọ mànà bí ife-ẹ̀yẹ. Àwọ̀ ṣíṣú tó ti ń gorí rẹ̀ láti ọdún gbọ́nhan, wọ́n nù ún dànù. Ará Òṣogbo ni mí, mo mọ̀ pé idẹ Ọ̀ṣun la máa ń fọ̀ kó dán. Ẹni tó bá ń ta àtùpà àtijọ́ yẹ kó mọ̀ pé dídán an ló ń já owó rẹ̀ wálẹ̀.

Ẹnìkan lọ́dọ̀ yín tún sọ pé a kì í dá àlòkù padà. Irọ́ ni. Òfin Ẹ̀tọ́ Oníbàárà ti ọdún 2015 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí kan àlòkù tí oníṣòwò tà: ọjà gbọ́dọ̀ bá ohun tí ẹ sọ nípa rẹ̀ mu, bí ẹ bá sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan tí kò dára, ẹni tó rà á lè dá a padà.

Gbogbo owó mi ni mo ń bèèrè, àti owó tí ẹ fi gbé e wá. Ẹ rán ọkọ̀ yín wá gbé e, mi ò gbé e lọ sí ibì kankan. Ẹ má sì fi káàdì ẹ̀bùn lọ̀ mí mọ́. Kí ni mo tún fẹ́ rà lọ́wọ́ yín?

Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni mo fún yín. Lẹ́yìn ìyẹn, báǹkì mi ni màá kọ̀wé sí: káàdì ìyáwó (credit card) ni mo fi sanwó, abala 75 nínú òfin ìyáwó ti ọdún 1974 sì ní kí àwọn náà jíhìn pẹ̀lú yín lórí ọjà tó bá ju 100 pọ́n-ùn lọ. Bí ìyẹn ò bá tó, a ó pàdé ní kóòtù. Mo ti tọ́jú gbogbo ímeèlì yín, títí kan èyí tí ẹ ti pè mí ní Ọ̀gbẹ́ni.

Ẹ má pè mí lórí fóònù. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Èmi ni,
Oníbàárà yín tẹ́lẹ̀