Ẹ kò dárúkọ Letulu

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa Hans-Joachim Marseille, ọmọ Jámánì tó fi bàálù ja Ogun Hítílà ní aṣálẹ̀ Líbíà àti Íjíbítì. Ó dùn ún kà. Àmọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, iye bàálù tó já lulẹ̀ lẹ kàn ń kà fún wa, bí ọdẹ tó ń ka orí ẹran: 158 lápapọ̀, 17 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ibẹ̀ ni mo ti ní ẹjọ́ díẹ̀ í rò.

Mi ò ní bu ọmọ náà kù. Ọmọ Berlin ni, ọdún 1919 ni wọ́n bí i, olórí kunkun sì ni. Nígbà tó bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì jà lójú òfurufú wọn lọ́dún 1940, méje ló já, ṣùgbọ́n bàálù tirẹ̀ náà ń ṣòfò léraléra, títí ọ̀gá rẹ̀ fi ní kó máa lọ. Ọ̀dọ̀ Eduard Neumann, ọ̀gá tó ní sùúrù fún un, ló bọ́ sí, Áfíríkà ló sì ti mọ iṣẹ́ náà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì a máa tò yí po bí òrùka lókè, kí kálukú máa ṣọ́ ẹ̀yìn ẹni iwájú rẹ̀. Marseille a já wọ inú òrùka náà, a dẹ ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ níbi tí ẹlòmíràn ìbá ti máa sáré, a sì yí gbirigbiri láàárín wọn. Kì í yìnbọn síbi tí bàálù wà. Ibi tó ń lọ ló ń yìn ín sí, nígbà tí ọ̀tá bá ti wọ abẹ́ imú bàálù tirẹ̀ tí kò rí i mọ́. Ẹni tó bá ti yìnbọn sí àparò tó ń fò rí mọ ohun tí mò ń wí.

Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án 1942 ni ti 17 tí ẹ gbé gẹ̀gẹ̀ yẹn, àwọn òpìtàn sì ń jiyàn lé e lórí dòní. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀ lọ́jọ́ náà? Bọ́ǹbù àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń rọ̀ lé àwọn ọmọ ogun Rommel, ọ̀gágun Jámánì, lórí ní Alam Halfa ní Íjíbítì, tọ̀sán tòru. Bàálù ajagun bíi tirẹ̀ ni Marseille ń já. Nínú 158 náà, èyí tó ń ju bọ́ǹbù kò tó mẹ́wàá. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Rommel ti ń padà sẹ́yìn. Ẹ tún wò ó: àwọn Gẹ̀ẹ́sì a máa yọ awabàálù wọn kúrò lójú ogun lẹ́yìn sáà kan, kó lọ sinmi, kó lọ kọ́ àwọn ọmọ tuntun. Jámánì kò ráyè ìyẹn. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n jà, yóò máa jà á lọ ni. Bí iye ṣe ń gùn nìyẹn.

Lọ́jọ́ kẹfà oṣù náà, Steinhausen, ọ̀rẹ́ Marseille, kú. Lọ́jọ́ keje, wọn ò rí Stahlschmidt, ọ̀rẹ́ rẹ̀ mìíràn, mọ́. Lọ́jọ́ 30, ó kan òun náà. Kò sí ọ̀tá kankan nítòsí. Bàálù tuntun tí kò tilẹ̀ fẹ́ gbà tẹ́lẹ̀ ló yọ èéfín, èéfín kún ibi tó jókòó sí, kò rí iwájú mọ́. Orí rédíò làwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń tọ́ ọ sọ́nà títí wọ́n fi débi tí ilẹ̀ ti jẹ́ tiwọn. Ó dojú bàálù délẹ̀ kó lè bọ́ síta, ni ìrù bá gbá a láyà. Pàráṣúùtì kò ṣí. Ìrù bàálù, tí wọ́n máa ń fa ìlà sí fún gbogbo èyí tó bá já! Ọmọ ọdún 22 ni.

Ẹni tí ẹ wá fò dá ni Mathew Letulu. Aláwọ̀ dúdú ni, ọmọ Gúúsù Áfíríkà. Ìjọba òyìnbó ilẹ̀ rẹ̀ kó irú wọn lọ sógun, wọn ò sì fún wọn níbọn. Nígbà tí ìlú Tobruk ní Líbíà bọ́ lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì lóṣù Kẹfà 1942, Jámánì mú un. Oṣù yẹn kan náà ni Hitler ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún Marseille ní mẹ́dàlì. Nígbà tí Marseille padà dé Áfíríkà lóṣù Kẹjọ, ó mú Letulu sọ́dọ̀ kí wọ́n má baà kó o lọ sí àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n ní Yúróòpù, wọ́n ń pè é ní Mathias, òun ló ń bá a dáná. Ọ̀rẹ́ làwọn kan ń pe èyí. Mo gbà pé ìfẹ́ wà níbẹ̀: Marseille bẹ Neumann pé bí nǹkan bá ṣe òun, kó má lé Letulu, Neumann sì mú ọ̀rọ̀ náà ṣẹ. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́wọ̀n ni ẹni tó ń dáná yẹn. Ta ló bi í bóyá ó fẹ́ẹ́ dáná?

Àwòrán Letulu wà. Bí ẹ bá máa tún ìtàn yìí tẹ̀, ẹ yọ ọ̀kan nínú àwòrán bàálù mẹ́rin tí ẹ lò. Àyè á gbà á.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín, Òṣogbo