Ẹ tún ẹ́ńjìnnì ṣe kí ẹ tó gbé sílíńdà gáàsì sínú búùtù

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, gáàsì CNG, ìyẹn gáàsì àdánidá tí wọ́n fún mọ́ inú sílíńdà láti fi wa ọkọ̀, ló kù tó wà lẹ́nu àwọn awakọ̀. Owó rẹ̀ dín sí ti epo, èéfín rẹ̀ sì mọ́ jù ú lọ. A kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìyẹn. Ohun tó ń kọ wá lóminú ni àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ń wọ́ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń yí wọn sí gáàsì nígbà tí ẹ́ńjìnnì wọn ti dá àárẹ̀. Gáàsì kì í wo ẹ́ńjìnnì sàn, àṣírí rẹ̀ ló máa ń tú.

Iná tó ń ran gáàsì gbọ́dọ̀ le ju èyí tó ń ran epo lọ. Púlọ́ọ̀gì tó ti jẹ tàbí kọ́ìlì tó ti rẹ̀ lè máa rọ́jú lórí epo, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti bọ́ sórí gáàsì, á bẹ̀rẹ̀ sí í mísì, ìyẹn ni pé gáàsì kò ní máa jóná déédéé nínú ẹ́ńjìnnì. Awakọ̀ á ní gáàsì ni kò dáa. Gáàsì tí kò jóná yẹn, methane ni, ó ń gba sàléǹsà jáde sójú afẹ́fẹ́, ó sì ń mú ayé gbóná tó nǹkan bí ìlọ́po 28 carbon dioxide láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún. Bí gáàsì bá jóná délẹ̀, carbon dioxide rẹ̀ fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún dín sí ti bẹntiróòlù. Ẹ́ńjìnnì tó ń mísì lè jẹ gbogbo èrè yẹn tán. Torí náà, ẹ kọ́kọ́ ra púlọ́ọ̀gì tuntun, kí àlàfo ẹnu rẹ̀ wà láàárín mílímítà 0.7 sí 0.8, àfi bí ìwé kíìtì, ìyẹn àwọn ohun èlò tí wọ́n fi ń yí ọkọ̀ sí gáàsì, bá sọ ohun mìíràn. Ẹ ní kí wọ́n wọn kọmpurẹ́ṣọ̀n, ìyẹn agbára tí písítìnì fi ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀, láti písítìnì kìíní dé èyí tó gbẹ̀yìn. Bí ọ̀kan bá rẹlẹ̀ gan-an sí àwọn yòókù, ẹ fi gáàsì sílẹ̀ ná.

Èéfín náà máa ń sọ̀rọ̀. Bó bá dúdú, epo ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ: ẹ yẹ fíítà afẹ́fẹ́ wò, pàápàá lẹ́yìn ọyẹ́, kó tó kan oxygen sensor tó ń wo èéfín àti ínjẹ́ktọ̀ tó ń fọ́n epo. Bó bá dà bí omi aró, ọ́ìlì ni ẹ́ńjìnnì ń jó, rìǹgì tàbí valve seal ti jẹ, kò sì sí oògùn inú agolo tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì tó lè tún un ṣe. Bó bá funfun, tí kò sì lọ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti gbóná, omi ti ń wọ ibi tí kò yẹ, ẹ wo tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì.

Nǹkan méjì kan wà tí àwọn oníṣẹ́ kan ń yọ dànù tó ń dùn wá. Èkíní ni thermostat, tó ń dá omi ẹ́ńjìnnì dúró títí yóò fi gbóná tó. Ọkọ̀ tí kò ní in kì í tètè móoru, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á máa rò pé òtútù ń mú un, á sì máa da epo sí i. Lórí gáàsì, ọ̀rọ̀ náà tún burú sí i. Gáàsì tó já wálẹ̀ láti ìfúnpá 200 bar máa ń tutù gan-an, omi gbígbóná ẹ́ńjìnnì ni kì í jẹ́ kí reducer, ẹ̀rọ tó ń dín ìfúnpá gáàsì kù, dì. Ìdí nìyẹn tí kíìtì fi ń fi epo ta ọkọ̀, tí kì í yí sí gáàsì títí omi yóò fi gbóná dé nǹkan bí 40 sẹ́ńtígíréèdì. Láìsí thermostat, ẹ lè rìn jìnnà lórí epo tí ẹ rò pé ẹ ti sá fún. Èkejì ni catalytic converter, ohun tó ń sọ èéfín di mímọ́ lójú ọ̀nà sàléǹsà, tí wọ́n ń gé tà nítorí platinum, palladium àti rhodium inú rẹ̀, tí wọ́n á sì jó páìpù lásán sí àyè rẹ̀. Bí iná check engine bá tàn, wọ́n á ní kí ẹ má dá a lóhùn. Ẹ dúró ti ọkọ̀ yín bí wọ́n bá wà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹni tí kò lówó gáàsì náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Kí fọ́kanáísà wọn táyà ní àárọ̀ kùtù, kí ọkọ̀ tó rìn, kó sì tẹ̀ lé iye tó wà lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì tí ẹ bá ń dúró de ẹnì kan, torí ẹ́ńjìnnì kékeré pàápàá ń jó ju ìdajì lítà lọ ní wákàtí kan lórí ìdúró, bí ẹ bá sì tan AC, ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ẹni tó ń dá wa jíìpù má sì fojú di danfó. Ká ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ń jó lítà 10 ní 100 kìlómítà: ẹni tó dá jókòó sínú rẹ̀ rin kìlómítà 10 ti jó lítà kan, carbon dioxide kìlógíráàmù 2.3 nìyẹn. Danfó tó ń jó lítà 14, tó kó èrò 14, á jó lítà 1.4 lójú ọ̀nà kan náà. Ohun tó kan èrò kọ̀ọ̀kan kò ju ìdá mẹ́wàá ti onítọ̀hún. Èéfín dúdú rẹ̀ tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ ni, a sì ti sọ bí a ṣe ń tún un ṣe. Ẹni tó ń lọ láti Mile 2 sí Marina tilẹ̀ ní rélùwéè láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ti wá dúró ṣinṣin, ó kan sílíńdà. Ìfúnpá 200 bar jẹ́ nǹkan bí 2,900 psi, nígbà tí táyà yín kì í sábà ju 35 lọ. Sílíńdà gáàsì ìdáná kò lè gbà á láé. Ọkọ̀ tó bú gbàù níbi tó ti ń ra gáàsì ní Benin City ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, sílíńdà tí wọ́n fi wẹ́dà jó, tí kì í ṣe ti CNG, ni wọ́n bá lára rẹ̀. Ẹ wá “CNG ONLY”, ìfúnpá, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é àti ọjọ́ tó máa parí lára irin náà. Sílíńdà irin 60 lítà ń gba gáàsì tó rọ́pò nǹkan bí lítà epo 15, ó sì wúwo, torí náà ẹ wo sípíríìnì ẹ̀yìn. Ọṣẹ olómi ni kí wọ́n fi wá jíjò lójú ìdè gbogbo, kì í ṣe ìṣáná. Ẹ má sì jẹ́ kí epo bẹntiróòlù inú táǹkì dín sí ìdá kan nínú mẹ́rin, torí epo ló ń mú kí fuel pump, ẹ̀rọ tó ń fa epo láti inú táǹkì, tutù.

Àwa oníṣẹ́ ẹ́ńjìnnì kan,
Ìbàdàn.