Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ lórí ọ̀rọ̀ apá rẹ̀

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà ní Àjàṣẹ́? Ọkọ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Àlàáfíà ni gbogbo wa wà ní Kétu.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ tí o bá mi sọ lórí fóònù, pé o fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ láti gé awọ apá rẹ tó rọ̀ lẹ́yìn tí o jò kúrò, inú kò sì bí mi. Ẹni tí ìwọ̀n rẹ̀ bá fi kílò 30 wálẹ̀, awọ ara rẹ̀ kì í sábà bá a padà. Eré ìdárayá lè mú kí iṣan apá le, ṣùgbọ́n kò lè ká awọ tó ti fẹ̀ jù kò. Nítorí náà, yé dá ara rẹ lẹ́bi. Mo mọ ìyà tí awọ yẹn ń fi jẹ ọ́: ooru abíyá, ibi tó ń bó, aṣọ tó gba àyà àmọ́ tí apá kò wọ̀.

Ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ̀ pé ìdí ìtọ́jú egbò ni mo ti ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìntì. Iṣẹ́ abẹ yìí kì í ṣe kékeré. Láti abíyá ni wọn yóò ti la inú apá, ó lè dé ìgbọ̀nwọ́. Wọn yóò gé awọ tó pọ̀ jù kúrò, wọn yóò sì rán ojú rẹ̀ pọ̀. Omi lè sun jọ sábẹ́ awọ, ojú rírán lè já, apá lè kú tipiri fún ìgbà pípẹ́. Àpá náà kì í parẹ́. Ó lè tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ kí ó tó rọlẹ̀, àwa tí a dúdú sì ni àpá máa ń wú fún jù. Rántí etí rẹ ọ̀tún, Àbẹ̀kẹ́. Ihò tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ ni a lu, wo ohun tó hù lẹ́yìn rẹ̀, tó ga, tó ń yún ọ lóru, tí wọ́n gún abẹ́rẹ́ sí léraléra kó tó rọ̀. Nísinsìnyí, fojú inú wo irú rẹ̀ láti abíyá dé ìgbọ̀nwọ́, lápá méjèèjì. Òun ló ń bà mí lẹ́rù jù. Fi etí yẹn han dókítà kí ẹ tó dé orí ọ̀rọ̀ owó. Bí kò bá kà á sí, dìde níwájú rẹ̀.

O tún sọ pé ẹ ṣì fẹ́ ọmọ kan sí i. Bí o bá lóyún, ara yóò tún sanra, yóò tún fà, owó á sì ti wọ omi. Ìwọ̀n rẹ gan-an kò tíì dúró. Ó yẹ kó dúró lójú kan fún oṣù 6, ó kéré tán, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan apá rẹ. Èmi ìyá rẹ, mo ní kí o bímọ ná. Ìgbéyàwó àbúrò rẹ tó ń bọ̀ kì í ṣe ìdí láti kánjú. Jẹ́ kí aránṣọ fi léèsì ṣe apá gígùn sí aṣọ ẹbí náà.

Ní ti Túníṣíà tí ọ̀rẹ́ rẹ ní kí o ti lọ ṣe é, kò wù mí. Wọ́n mọ iṣẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, jíjókòó pẹ́ nínú ọkọ̀ òfuurufú lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú ẹsẹ̀. Bí ojú rírán bá sì là nígbà tí o bá ti délé, ta ni yóò wò ó? Wá oníṣẹ́ abẹ tí ó gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ àtúnṣe ara, tí o lè tún rí lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Béèrè ẹni tí yóò kùn ọ́ lóorun. Ní kí ó fi àwòrán àpá àwọn aláwọ̀ dúdú tó ti ṣe fún hàn ọ́, èyí tó ti pé ọdún kan, kì í ṣe ti ọ̀sẹ̀ kejì. Sọ fún un pé SS ni àbúrò bàbá rẹ, àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tí à ń jogún, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ tìrẹ náà wò.

Bí ó bá wá di dandan, mọ̀ pé wàá wọ aṣọ tó ń fún apá pinpin fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú ooru yìí. O kò ní pọn omi, o kò ní gúnyán, o kò ní gbé ọmọ, fún bí ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Má fi ìtọ́jú rẹ lé ọmọ ọ̀dọ̀ lọ́wọ́. Èmi ni kí o pè, n ó wá sùn tì ọ́, n ó sì máa fi ọwọ́ ara mi wẹ egbò náà.

Kí ọkọ rẹ fún mi. Pè mí kí o tó san sééfà kankan.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, ní Kétu