Ẹ̀sùn Lórí Síìtì Ọkọ̀ Ìsáré Tí Ẹ Tà fún Mi

Houston, Texas

Sí Ọ̀gá Ilé Ìtajà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Yorùbá la fi dúnàádúrà lórí fóònù, Yorùbá náà ni màá fi fẹjọ́ sùn.

Lóṣù tó kọjá, mo ra síìtì alumíníọ́mù lọ́wọ́ yín fún Mustang tí mo fi ń sáré. Ẹ ní páùn 12 péré ló wọ̀n, pé kí n ṣáà yọ ti inú ọkọ̀ dànù, kí n de tuntun mọ́lẹ̀, ó parí. Síìtì tó bá ọkọ̀ wá, tòun ti ẹ̀rọ iná tó ń tì í síwá sẹ́yìn, páùn 54 ló wọ̀n lórí sikéèlì tí mo fi ń wọn báàgì tí mo bá fẹ́ relé. Irú ẹrù bẹ́ẹ̀, ní pápákọ̀ òfurufú, owó àfikún ni!

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí à ń wá. Ẹni tó bá yọ 100 páùn lára ọkọ̀ lè fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá tètè dé òpin ìdámẹ́rin máìlì tí à ń sá. Dodge tó ń ṣe ọkọ̀ pàápàá, nínú ọkọ̀ ìsáré wọn, Challenger Demon ti 2018, síìtì awakọ̀ nìkan ni wọ́n fi sí i; ẹni tó bá fẹ́ ti ẹ̀gbẹ́ á fi dọ́là kan lé e. Ọjà fífúyẹ́ kọ́ ló ń bí mi nínú. Irọ́ ni.

Nígbà tí páálí dé, síìtì lásán ló wà níbẹ̀. Kò sí irin tí wọ́n fi ń dè é mọ́lẹ̀, kò sí aṣọ síìtì, kò sí irin ẹ̀yìn tó ń so ẹ̀yìn síìtì mọ́ irin ààbò inú ọkọ̀. Mo pè yín. Ọmọ tó gbé fóònù ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò nílò irin ẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ làwọn èèyàn ń lò ó." Mo ra irin ìdè àti aṣọ níbòmíràn, mo de bóòtù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo gbéra ó di pápá ìsáré ìlú Ennis, torí pápá ìsáré tó wà nítòsí wa ní Baytown ti kógbá sílé láti 2022. Ó ju wákàtí mẹ́ta lọ. Ọkùnrin tó ń yẹ ọkọ̀ wò kò tilẹ̀ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó na ọwọ́ wọlé lójú fèrèsé, ó fi àtàǹpàkò ti ẹ̀yìn síìtì, ó sì tẹ̀ bí abọ́ páànù. Ó ní kí n máa lọ sílé.

Ó jàre. Bí iná tó ń dá wa sílẹ̀ láti sáré bá ti di àwọ̀ ewé, tí táyà gbá ilẹ̀ mú, gbogbo ara mi ló ń rọ́ lu ẹ̀yìn síìtì yẹn. Bí a ò bá so ó mọ́ irin ààbò tó wà lẹ́yìn mi, kí ló fẹ́ gbà mí dúró?

Mo ti ra irin ẹ̀yìn báyìí. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀, páùn 21. Páùn 9 tí ẹ ò kà yẹn, òun gan-an ló gbé síìtì ró.

Mi ò ní dá síìtì padà, kò burú fúnra rẹ̀. Ẹ san 135 dọ́là tí mo fi ra àwọn irin àti aṣọ náà, rìsíìtì mẹ́ta wà nínú àpò ìwé yìí, kí ẹ sì kọ páùn 21 sára ìpolówó yín kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kìlọ̀ fún ọmọ tó ń gbé fóònù yẹn.

Èmi ni,
oníbàárà yín tó ra síìtì dúdú