Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi obì kún un

Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá nípa MRI, ẹ̀rọ tó ń ya fọ́tò inú ara, tí wọ́n fi ń wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ ń dé ọkàn ẹni tí òpó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti há. Ó dáa gan-an. Àmọ́ níbi tẹ́ ẹ ti ní kéèyàn má mu tíì àti kọfí fún wákàtí 24 ṣáájú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi obì kún un, torí obì ló jẹ́ kí wọ́n dá bàbá mi padà ní ọsibítù kan níbí ní London, oṣù méjì gbáko la tún fi dúró de ọjọ́ mìíràn.

Bàbá mi kì í mu kọfí, tíì gan-an wọn ò fẹ́ràn ẹ̀, nígbà tí mo wá ń ka ìwé tí ọsibítù fi ránṣẹ́ fún wọn, tíì, kọfí, Coke, ṣokoléètì, wọ́n ní èwo ló kan àwọn níbẹ̀. Àfìgbà tí nọ́ọ̀sì ń wá iṣan lápá wọn tí mo rí i pé eyín wọn pọ́n. Mo ní "Bàbá, kí lẹ jẹ?" Wọ́n ní obì ni, awẹ́ méjì péré, nínú bọ́ọ̀sì.

Inú bí mi lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n dọ́kítà jókòó tì wá, ó ṣàlàyé. Oògùn tí wọ́n máa fà sí wọn lára, adenosine, ńṣe ló ń ṣí àwọn òpó kéékèèké inú ọkàn sílẹ̀ bí ìgbà téèyàn sáré gun òkè, bẹ́ẹ̀ orí bẹ́ẹ̀dì lèèyàn wà. Òpó tó dáa á gbé ẹ̀jẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin, èyí tó há ò ní lè gbé e tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n á wá fa gadolinium tẹ̀ lé e, òun ló ń jẹ́ kí ibi tí ẹ̀jẹ̀ dé tàn nínú fọ́tò, ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò bá tètè dé nínú ẹran ọkàn á ṣókùnkùn. Caffeine ló ń dí adenosine yẹn lọ́wọ́, obì wa dẹ̀ ní caffeine nínú dáadáa. Fọ́tò lè jáde bíi pé kò sí nǹkan kan, kí wọ́n ní kí aláìsàn máa lọ sílé, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ò dé ọkàn ẹ̀. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù.

Torí àyẹ̀wò yìí lágbára o. Òpó lè há kó ṣì máa gbé ẹ̀jẹ̀ tó tó, àyẹ̀wò yìí ló sì ń fi hàn. Nínú ìwádìí MR-INFORM tó jáde ní 2019, èèyàn 918 tí àyà ń dùn ni wọ́n pín sọ́nà méjì, nínú àwọn tí wọ́n fi MRI wò, bíi 36 nínú 100 ni wọ́n tún òpó ọkàn wọn ṣe, nínú àwọn tí wọ́n ki wáyà bọ òpó ọkàn wọn láti wò ó, ó tó 45, síbẹ̀ lẹ́yìn ọdún kan aburú ò pọ̀ lápá kan ju ìkejì lọ.

Nígbà tí bàbá mi padà lọ, wọ́n ní àyà àwọn ń lù kì kì kì fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó dẹ̀ rọlẹ̀ bí wọ́n ṣe dá oògùn yẹn dúró. Òpó kan há lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ń dé, oògùn ni wọ́n ń lò báyìí, wọn ò fi stent, ìyẹn páìpù kékeré tó ń ṣí òpó sílẹ̀, sí i.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àgbàlagbà nílé, ẹ má kàn béèrè kọfí o. Ẹ dárúkọ obì fún wọn, kẹ́ ẹ sì wo àpò aṣọ wọn lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Èmi ni,
Ọmọ bàbá kan ní Peckham