Àdùkẹ́, má tíì sanwó kọ́bà olóògùn yẹn

Ìbàdàn,
Oṣù Kọkànlá.

Àdùkẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé òtútù ò tíì fi ẹ́ ṣe ẹran yìnyín? Mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ lálẹ́ àná. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kí n má purọ́, lẹ́yìn náà ni àánú rẹ wá ṣe mí. Ìwọ tí o máa ń fi ẹní Bàbá Súùlù ṣe yẹ̀yẹ́, ìdun wá ẹ dé Lọ́ńdọ̀nù! Jọ̀ọ́, má tijú mọ́. Ìdun ò wá ìdọ̀tí, ẹ̀jẹ̀ ló ń wá, ẹ̀jẹ̀ sì wà lára ẹni tó ń nulẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́.

Ọ̀rọ̀ kọ́bà fóòmù tí wọ́n rẹ sínú oògùn, èyí tí o ní o fẹ́ rà torí wọ́n ní ó ń pa ìdun, ló jẹ́ kí n tètè kọ̀wé. Oògùn tó sábà máa ń wà lára rẹ̀ ni permethrin, ìdílé kan náà ni òun àti oògùn ara nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Kì í fò lọ bá ìdun. Ìdun ló gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lórí aṣọ yẹn, kó sì pẹ́ níbẹ̀. Àwọn olùwádìí ní Ohio State University ní Amẹ́ríkà dán an wò, iṣẹ́ wọn sì jáde ní 2015. Àwọn abo ìdun tó lo ìṣẹ́jú 10 lórí aṣọ olóògùn ò fẹ́ jẹun mọ́, èyí tó sì jẹ nínú wọn ò yó. Nínú gbogbo wọn, ẹyọ kan ṣoṣo ló yé ẹyin. Bó ṣe rí nìyẹn fún àwọn tí irú oògùn yẹn kì í ràn pàápàá. O rí i pé kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ṣùgbọ́n àwọn tó lo ìṣẹ́jú kan péré, bí ẹni tí kò débẹ̀ ni wọ́n rí.

Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. Abẹ́ ṣíìtì ni kọ́bà ń gbé. Ìdun tó sá pamọ́ sínú pákó ìgbèrí bẹ́ẹ̀dì, orí ṣíìtì ló ń gbà wá bá ẹ. Á mu ẹ̀jẹ̀ ìṣẹ́jú 5 sí 10, á gba ọ̀nà tó gbà wá padà. Níbo lẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan oògùn? Èyí tí o fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ ò tiẹ̀ ní síìpù, ńṣe ni wọ́n ń fà á bo fóòmù bíi ṣíìtì. Ológbò rẹ sì ńkọ́? Permethrin olómi máa ń pa ológbò. Ewu aṣọ gbígbẹ kéré sí ìyẹn, àmọ́ ológbò tó ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì, tó ń fi èékánná họ ọ́, èmi ò ní fi dán an wò.

Má sì gbàgbé pé oògùn ìdílé yìí ti sú ọ̀pọ̀ ìdun. Ní Tanzania, ìwádìí kan tó jáde ní 2002 fi hàn pé ìdun inú ilé tí wọ́n ti ń lo nẹ́ẹ̀tì olóògùn ò gbọ́ oògùn náà mọ́. Nẹ́ẹ̀tì ṣì ń lé ẹ̀fọn, ìdun ń rìn lára rẹ̀ bí ẹni ń lọ sọ́jà.

Tó bá jẹ́ èmi, kọ́bà onísíìpù tí kò ní oògùn ni mo máa rà, èyí tó bo fóòmù lókè, nísàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹnu síìpù ni kí o kọ́kọ́ yẹ̀ wò: fà á pa, kí o fi ìka tọ ibi tó parí sí. Tí àyè kékeré bá wà níbẹ̀, ọmọ ìdun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin, tí kò ju mìlímítà kan àbọ̀ lọ, á gbabẹ̀ jáde. Èyí tó ní aṣọ tó ń bo òpin síìpù ló dáa. Ti fóòmù nìkan ò tó o, ra ti ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì náà. Irú bẹ́ẹ̀dì yín yẹn, dojú rẹ̀ bolẹ̀, wàá rí aṣọ dúdú fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi pínnì kàn mọ́ ọn. Ya á díẹ̀ kí o tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀. Tí o bá rí àmì dúdú bí ojú bíró tí wọ́n tẹ̀ mọ́ pákó, ààfin wọn lo dé yẹn. Fi aṣọ nínípọn wé gbogbo igun irin kí o tó wọ kọ́bà, torí ihò kan péré ti tó láti ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Má sì bọ́ ọ fún ọdún kan gbáko. Níbi òtútù, ìdun lè gbààwẹ̀ títí di bí ọdún kan. Ẹ̀sìn wọn le ju tiwa lọ.

Kọ́bà onísíìpù kì í pa ìdun o. Ó kàn ń ti àwọn ti inú mọ́lé, ó sì ń gba ibi ìsápamọ́ lọ́wọ́ àwọn ti ìta. Àwọn ti ìta yìí lo máa bá jà. Fa bẹ́ẹ̀dì kúrò lára ògiri, má jẹ́ kí ṣíìtì kan ilẹ̀. Ki ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kọ̀ọ̀kan bọ inú àwo ike tó ń dán, kí o fi pọ́dà díẹ̀ nu inú rẹ̀. Ìdun ti ọ̀hún, Cimex lectularius, kì í lè gùn ún jáde. Ti ilé wa níbí, Cimex hemipterus, ẹsẹ̀ rẹ̀ mú ju ìyẹn lọ, ó máa ń gun àwo náà jáde. Fọ ṣíìtì nínú omi 60°C, kí o sì gbé e sínú dráyà gbígbóná fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ohun tí kò ṣeé fọ̀, dì í sínú ọ̀rá, kó wà nínú fìrísà -18°C fún ọjọ́ mẹ́rin. Pe àwọn tó ń fín oògùn, sọ fún lánlọ́ọ̀dù, kí wọ́n sì padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, torí ọ̀pọ̀ oògùn kì í pa ẹyin, ẹyin sì máa ń di ọmọ láàárín ọjọ́ 6 sí 10. Bí iná ò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Bọ́ǹbù olóòórùn tí wọ́n ń tú sí yàrá kò wọ inú kọ̀rọ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ bá ẹ gbé Sniper bọ̀ láti Nàìjíríà kó o fi wọ́n fóòmù, ọ̀tá ẹ ni. Èéfín rẹ̀ lo máa máa fà símú mọ́jú.

Sẹ̀yìndé ti bí obìnrin. Bàbá Ṣadé ti ta mọ́tò. Iná, má tiẹ̀ bi mí.

Ẹ̀bẹ̀ kan wà, má bínú sí mi. Bí o ṣe ń bọ̀ lóṣù Kejìlá, jẹ́ kí gbogbo aṣọ rẹ gba inú dráyà kọjá, kí o dì wọ́n sínú ọ̀rá lójú ẹsẹ̀, àní èyí tí o ò wọ̀ rí. Àpótí rẹ á dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò ní wọ yàrá. Mo mọ̀ pé o máa pariwo.

Bá mi ra kọ́bà onísíìpù kan bọ̀ fún Màmá. Fóòmù wọn jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà sí mẹ́rin àbọ̀, ínǹṣì mẹ́jọ ni ó nípọn. 135 sí 190 sẹ̀ǹtímítà ti ọ̀hún máa gbà á tí a bá fún un díẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó jìn ju 20 lọ díẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí wọ́n ti ń họ apá, wọ́n ní ẹ̀fọn ni. Tí wọ́n bá bi ẹ́, nítorí eruku lo ṣe rà á.

Èmi ni,
Fọlákẹ́